Pẹpẹ Tí Ìyá Ọkọ Mi Tẹ́ sí Agbowó

Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ibà. Wọ́n á ní ó ti dé, wọ́n á ní ó ti ń lọ, wọ́n á ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Ìyá tó bí ọkọ mi wá gbé ọ̀dọ̀ wa ní Agbowó ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni bí pẹpẹ igi ìdáná kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n mọ́ mi lọ́wọ́.

Agbowó ìgbà náà kì í ṣe Agbowó tí ẹ mọ̀. Ilé tí a gbà ló gbẹ̀yìn ní òpópó wa. Bí ẹ bá dúró níwájú ilé, ẹ ó máa wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ń sọdá títì bí ẹni tó ni ayé. Bí ẹ bá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, igbó ni, àti ọ̀gán tí òmíràn ga ju ènìyàn lọ. Yàrá méjì la gbà níbẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan ní Bódìjà, ọkọ mi ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Dúgbẹ̀. Ọmọlúàbí ni ọkọ mi, ó kàn fẹ́ràn àlàáfíà jù ni. Bí adìẹ méjì bá ń jà, ó máa ń gba ọ̀nà ibòmíràn.

Ìyá dé lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi kú. Àpótí páànù kan, ẹní kan, agogo àdúrà kan àti sùtánà funfun ni wọ́n gbé wá, nítorí aládúrà ni wọ́n. Ìyá tèmi ti kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì ti pẹ́ tí ẹnu mi ti pe ẹnikẹ́ni ní Màámi. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, mo gbé oúnjẹ síwájú wọn. Wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n gbé ojú sókè.

"Ìyàwó mi, ta ló kọ́ ẹ ní ọbẹ̀ sísè?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Mà. Inú ìwé ni mo ti kà á."

"Ó hàn," ni Ìyá wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Màámi, n kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọn kò fẹ́ràn sítóòfù wa. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí a fi kẹrosíìnì sè máa ń rùn bí àtùpà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi to ààrò sábẹ́ páànù ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ra igi ìdáná lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́rì kan tó ń ti Òjóò bọ̀. Ẹ̀bá ògiri la to igi náà sí, ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń dín ata tí kò fi ní kan, bí a ṣe ń fa igi sẹ́yìn kí iná lè rọ̀. Mo lóyún lọ́dún yẹn. Obìnrin tó bá ń ka èyí mọ ohun tó wà lọ́kàn mi: bí mo bá bímọ, ta ni yóò wẹ ọmọ náà fún mi, ta ni yóò dì í mú lẹ́sẹ̀ kó nà án, ta ni yóò fi omi gbígbóná jó mi níkùn? Ìyá ni mo gbójú lé. N kò sọ ọ́ fún wọn. Mo rò pé wọ́n mọ̀.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Ìyá fa igi kan yọ láti ìsàlẹ̀, ó sì fọ́ sí wọn lọ́wọ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. A yọ òmíràn, bákan náà ni. Èyí tó já wa láyà jù ni ipa ẹrẹ̀ tóóró kan tó ti ẹ̀yìn igi náà gun ògiri lọ sókè, tó doríkọ àjà ilé. Ìyá mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá a dànù kíákíá, wọ́n sì wo ọ̀tún wo òsì bí olè.

"A ní láti tẹ́ pẹpẹ," ni wọ́n wí. "Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń to igi sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀ ń bọ́ ikán lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Igi àyìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí eyín ikán kò ràn án. Yóò ga tó orúnkún kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Apá ìlà-oòrùn ni a ó tẹ́ ẹ sí, kí oòrùn àárọ̀ lè máa gbẹ igi náà, nítorí igi tútù kì í mú iná jó, èéfín nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dùn létí mi. Ohun kan ló kù. Onílé ló ni ẹ̀yìnkùlé, a kò sì lè ri òpó mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ láìtọrọ àyè.

Bàbá onílé wa jẹ́ àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà, ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ ilé náà, tó sì mọ iye páànù tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn mi, Tíṣà ni wọ́n máa ń pè mí, nítorí náà èmi ni ọkọ mi ní kí n lọ bá wọn sọ ọ́. Mo pète ọ̀rọ̀ náà kí n tó kúrò nílé. Bí mo bá dárúkọ ikán fún Bàbá, ó parí, wọ́n á ní kí a kó ẹrù wa. Bí mo bá dárúkọ igi, wọ́n á béèrè ibi tí igi náà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá wo ògiri. Mo yọ ikán kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi, mo yọ igi kúrò, ó wá ku pẹpẹ.

Mo bá Bàbá lórí àga wọn níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Àyè díẹ̀ la ní ká tọrọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá wa fẹ́ tẹ́ pẹpẹ kékeré kan síbẹ̀."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. "Ìyá aláṣọ funfun yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Pẹpẹ?"

"Kékeré ni, Bàbá. Apá ìlà-oòrùn ni wọ́n fẹ́ kó wà. Gbogbo ará ilé ló máa jàǹfààní rẹ̀. Ìyá ní bí kò bá sí i, iná kì í jó dáadáa."

"Iná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Iná."

Bàbá dìde. N kò tí ì rí wọn kí wọ́n dìde kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. "Tíṣà, gbọ́ mi dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò ní tẹ́ pẹpẹ nínú ọgbà tèmi. Irú iná bẹ́ẹ̀ kò sì ní jó níbí. Bí ìyá yín bá fẹ́ pẹpẹ, kí wọ́n lọ tẹ́ ẹ sí ilé tiwọn."

Ṣé ẹ ti rí i? Èmi ń sọ igi, Bàbá ń gbọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé wòlíì kan ló gbé yàrá wa kí àwa tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹpẹ kékeré kan nínú pálọ̀, ó ní òun nìkan ni yóò máa gbàdúrà níbẹ̀. Kò pẹ́, àwọn aláìsàn ti ń sùn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń ríran sí Bàbá onílé fúnra wọn. Ó gba Bàbá ní ipá kí wọ́n tó rí ilé wọn gbà padà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pẹpẹ àti iná àti ìlà-oòrùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú agogo tí Ìyá ń lù láràárọ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wọn pátá. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi mẹ́nu, mo métè, ọ̀ràn sì tún bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá ń fẹ́ iná.

"Wọn kò gbà, Mà."

"Wọn kò gbà?" Ìyá gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni o sọ fún wọn?"

"Mo sọ pé ẹ fẹ́ tẹ́ pẹpẹ."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n Ìyá kò gbé ojú kúrò lára mi. "Wọ́n ní bí ẹ bá fẹ́ pẹpẹ, kí ẹ lọ tẹ́ ẹ sí ilé tiyín."

Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì tún mú abẹ̀bẹ̀ wọn.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. "Ìyàwó mi" tí wọ́n ń pè mí di "ìyàwó" lásán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé wọn lábúlé, pé ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ti pẹ́ ní títì, pé ewúrẹ́ á ti jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún ọkọ mi pé àwọn yóò lọ ní Sátidé. Ojú ọkọ mi pọ́n. Ó lọ bá Bàbá onílé, Bàbá sì dá a lóhùn pé àwọn ti fi ẹnu ara àwọn sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kí ó má dá àwọn lágara. Ó padà wálé, ó jókòó, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Èmi, inú ń bí mi. Bàbá onílé ni inú ń bí mi sí. Ìgbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń kí wọn bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì, n kò sì kúnlẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ń gbá ìkòkò mọ́lẹ̀, mo ń ti ìlẹ̀kùn gbàgà. Kò sí ohun tí mo ṣe tí Ìyá lè fi mọ̀ pé nítorí tiwọn ni. Bí wọ́n ti ń gbọ́ ariwo ìkòkò láti yàrá kejì, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí ni wọ́n á rò?

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ti ilé ìwé dé, mo rí pẹpẹ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá nìkan ló ṣe é. Ẹsẹ̀ àyìn mẹ́rin tó pín sí méjì lókè, ọ̀pá dábùú tó sùn sínú ibi tó pín náà, àti èèpo igi tí àwọn tó ń la pákó máa ń gé dànù, tí a fi okùn dì mọ́ra gbágbá lórí rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ ri ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Inú agolo ọ̀dà tó ti ṣófo ni wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé. Orí rẹ̀ ni igi ìdáná wà, ó tò létòlétò, ó gbẹ, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí.

"Màámi, Bàbá onílé ní kí ẹ má tẹ́ ẹ."

"Mo gbọ́. Ṣé kí n wá fi igi sílẹ̀ fún ikán títí tí yóò fi wọ òrùlé olórùlé? Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wó o lẹ́yìn tí mo bá lọ."

Wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù kan tí ọkọ mi bá wọn gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní Ìwó Road, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì dúdú sínú àwọn agolo náà, kí ikán tó bá fẹ́ gun ẹsẹ̀ pẹpẹ lè kú síbẹ̀. Obìnrin aránṣọ tó gba yàrá iwájú yọjú lójú fèrèsé. Ó sáré lọ síwájú ilé, a sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere: "Bàbá, wọ́n ti tẹ́ ẹ o! Ìyá wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń da òróró sí i!"

Bàbá dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Àgbà ìjọ kan tó wá kí wọn tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀! Ta lẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún?"

Ìyá bojú wẹ̀yìn. "Ikán ni, Bàbá."

"Òróró kí lẹ dà síbẹ̀?"

"Ọ́ìlì mọ́tò ni."

Àgbà kejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti ìka bọ agolo, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Ọ́ìlì mọ́tò ni lóòótọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n kan igi orí pẹpẹ náà wò. "Igi ìdáná sì nìyí."

"Kí lẹ tún rò pé ó jẹ́?" ni Ìyá bi wọ́n léèrè.

Bàbá wo igi, wọ́n wo agolo, wọ́n wá wò mí. "Tíṣà, ṣé èyí ni pẹpẹ tí o wá sọ fún mi?"

"Òun ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ igi?"

"Ẹ̀rù ikán ló bà mí, Bàbá," ni mo wí, àṣírí ikán sì tú. Ṣùgbọ́n àgbà kejì ti fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀rín ń pa wọ́n kú lọ. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, pẹpẹ ẹbọ sísun ni!" Bàbá kọ́kọ́ le ojú, lẹ́yìn náà apá wọn kò ká a mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ wòlíì náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n bẹ Ìyá. Wọ́n ní kí wọ́n má bínú, pé pẹpẹ náà dára, pé kí wọ́n bá ìyàwó àwọn náà tẹ́ ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, mo san gbogbo èyí tí mo jẹ sẹ́yìn.

Bàbá mú igi kan lórí pẹpẹ, wọ́n ń yí i wò. "Ìyá, kí ló dé tí ẹ la igi yìí wẹ́wẹ́ báyìí? Ó tín-ín-rín bí orín."

Ìyá ń nu ọ̀rá ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́ wọn. "Ìyàwó kò mọ àáké lò, oyún sì wà níkùn rẹ̀. Mo là á kó lè máa rí nǹkan dáná títí tó fi máa sọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Onílé ti gbà, pẹpẹ ti dúró, Ìyá ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní sí níbẹ̀. Bí àwọn bàbá náà ti ń lọ, Ìyá wọlé. Mo tẹ̀lé wọn. Àpótí páànù wà láàárín yàrá, wọ́n ti fi okùn dì í pọ̀ mọ́ ẹní.

"Màámi, ẹ ò gbọ́ ohun tí Bàbá sọ ni? Wọ́n ti gbà."

"Mo gbọ́. Onílé ti gbà." Wọ́n jókòó sórí àpótí náà. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi báwo, Mà?"

"Wá jókòó." Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. "Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó, ìyá ọkọ mi wá gbé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n sú mi. Ta ló máa la ẹnu sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ rẹ̀? Mo ní òrùlé yàrá wọn ń jò, mo ní kí wọ́n lọ sílé ná títí a ó fi tún un ṣe. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Òrùlé kò jò. Wọ́n mọ̀ pé kò jò. Ọ̀hún ni wọ́n kú sí. Ìgbà tí o ti ọ̀dọ̀ onílé dé, tí o ní wọn kò gbà, tí o ní wọ́n ní kí n lọ sílé mi, mo ní hẹ̀n-ẹ́n, òrùlé tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. N kò bínú sí ẹ. Ó tọ́ sí mi."

Mo sunkún. Ìbínú wà níbẹ̀, àánú wà níbẹ̀, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí tí ìyàwó fi ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ fò lọ lórí mi.

"Ẹ má lọ," ni mo wí. "Èmi ò ní ìyá. Ẹ̀yin ni mo ní. Kì í ṣe nítorí ọmọ tí ẹ máa wẹ̀, kì í ṣe nítorí ọbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wà lọ́dọ̀ mi ni. Ẹ má lọ, Màámi."

Ìyá tẹ etí sí mi. "Kí lo wí? Etí mi kò gbọ́ ọ dáadáa. Tún un sọ."

Etí tó máa ń gbọ́ igbe ẹlẹ́kọ kó tó yọ sí òpópó wa ni wọ́n ní kò gbọ́ mi. Mo mọ̀. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.

"Ó dáa, ìyàwó mi," ni wọ́n wí.

Wọ́n dìde lórí àpótí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Kókó náà le, nítorí wọ́n ti dì í bí ẹni tí kò ní padà wá mọ́. Àwa méjèèjì la jọ tú u.